Àga Tí Ọnàdìran Gbẹ́ fún Àwẹ̀ró

Ojú kì í bá ìdí yan àga. Kò sẹ́ni tí kò pa òwe yìí rí. Ọlọ́jà ń pa á, akọ̀wé ń pa á, ẹlòmíràn tilẹ̀ ń pa á níbi tí kò yẹ, bí ẹni ń da iyọ̀ sínú àkàmù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ojú ta ni? Ìdí ta ni? Àga wo? Ẹ ti dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó dákẹ́. Ẹni tó ń pa òwe tí kò mọ orírun rẹ̀ dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù: bó bá bá a mu, orí ló bá a ṣe é. Ẹ fara balẹ̀, kí n rán ẹ̀wù náà mọ́ yín lára.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlórò-Ọnà, láyé àtijọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tó ń jẹ́ Ọnàdìran. Àga oyè ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Wọn kì í wọn nǹkan o. Wọn kì í lo okùn, wọn kì í lo ọ̀pá. Gbẹ́nàgbẹ́nà á kàn wo olóyè lókèèrè bó ti ń kọjá lọ, á dijú díẹ̀, ó parí: ojú ti gba ìwọ̀n. Èèwọ̀ sì ni kí olóyè jókòó dán àga wò kí ọjọ́ oyè tó pé, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá jókòó ṣáájú oyè, oyè á fò ó. Kò sì sí ẹni tó ráhùn rí. Ta ni yóò ráhùn? Olóyè kì í pẹ́ lórí àga oyè. Á jókòó, wọn á kí i, á dìde, á lọ bọ́ agbádá.

Àwẹ̀ró ìyàwó Ọnàdìran, ní tirẹ̀, ahunṣọ ni. Òfì àwọn obìnrin ló ń lò, èyí tó máa ń dúró gbọnrangandan lára ògiri. Orí ẹní ló ń jókòó sí níwájú rẹ̀ láti ìdájí títí di ìgbà tí adìyẹ bá ń wọlé. Nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èèyàn kì í ṣe ẹ̀yìn àwo. Ó di pé bó bá fẹ́ dìde nírọ̀lẹ́, á di ògiri mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin egungun yìí, ṣé èmi pẹ̀lú yín jà ni?"

Ìgbà tí ẹ̀yìn náà yan láti máa dùn ún gan-an ni kò dára. Ìbídùn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti padà wálé láti bímọ. Nínú ìdílé Àwẹ̀ró, aṣọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi pọn ọmọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ hun ún, àtìbẹ̀rẹ̀ àtòpin, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Ìbídùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀. Oyún ti wọ oṣù rẹ̀, aṣọ kò tíì dé ìdajì. Àwẹ̀ró ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò dé, kò ní rí ohun tí wọn ó fi pọ̀n ọ́n.

Ọnàdìran rí gbogbo èyí. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó wọ igbó, ó gé igi ọmọ̀ tó dára jù lọ, ó gbé e sẹ́yìn ilé, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ní ìdákọ́ńkọ́ ló ń gbẹ́ ẹ, bí ẹni ń jí nǹkan gbé. Nígbà tó ṣí i, gbogbo agbo ilé pariwo. Àga náà ga, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́. Ẹsẹ̀ ẹkùn ló ṣe sí i nísàlẹ̀, àdàbà méjì sì kọjú síra wọn lókè, níbi tí èjìká yóò wà.

"Ìyá Ìbídùn, jókòó."

"Èmi? Baba Ìbídùn, oyè wo lẹ fẹ́ fi mí jẹ?"

"Oyè ìyàwó mi ni."

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ tiwọn bákan bákan. Ó jókòó, ọkàn rẹ̀ kún.

Ọkàn ló kún o, ìdí kò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó ń fì dìrọ̀dìrọ̀. Òfì wà nísàlẹ̀, òun wà lókè. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan òwú, á tẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú eruku. Bó bá sì ní kí òun fẹ̀yìn tì, àdàbà méjèèjì á sọ ọ́ léjìká. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ wá ń ké. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ó ti rí àpá ibi tí ọ̀bẹ ti bu ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹkùn yẹn.

Ó bá dá ọgbọ́n kan. Bí Ọnàdìran bá ti jáde, á fi aṣọ bo àga náà dáadáa, á lọ sẹ́yìn ilé, á yí àgékù igi kan wọlé, á ká ìró àlòkù lé e lórí, á jókòó, ẹsẹ̀ á tẹlẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Ọnàdìran kì í sì í wọlé láìkọrin. Bí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ orin lókèèrè, á ti àgékù igi náà sí kọ̀rọ̀, á fò sórí àga, á jókòó bí ayaba.

Ìbídùn rí i lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ìyá mi! Olè ni yín nínú ilé ara yín?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́, kí ọmọ inú rẹ má gbọ́. Kò tíì délé, ó ti fẹ́ mọ àṣírí ilé."

Nígbà tó yá, ọjọ́ kan pé tí àáké Ọnàdìran ṣẹ́ nínú igbó. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò kọrin. Ó wọlé ní ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró máa fi yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àga tí aṣọ bò, ó ń wo ohun tí ìyàwó rẹ̀ jókòó lé. Ó mọ igi náà. Ara igi àga gan-an ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e kúrò, tó jù ú sẹ́yìn ilé fún iná dídá.

"Àwẹ̀ró. Àga mi kò dára?"

Irọ́ ti dé ètè obìnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dunni kì í jẹ́ kí irọ́ jáde.

"Ó dára. Bí mo bá ń wò ó, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo bá jókòó sí i ni mo ń fẹ́ sunkún."

"Mo wò ọ́ dáadáa kí n tó gbẹ́ ẹ. Ojú mi kò tàsé rí."

"Kò tàsé, ọkọ mi. Ẹ wò mí, ẹ rí mi, ẹ tilẹ̀ rí mi tóbi ju bí mo ti mọ lọ. Ṣùgbọ́n ojú kì í bá ìdí yan àga. Ìdí ló yẹ kí ẹ bi."

Ọnàdìran yí padà, ó jáde. Àwẹ̀ró jókòó síbẹ̀, òwú lọ́wọ́, ó ń bá ara rẹ̀ wí pé òun ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ba ẹ̀bùn jẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ọkùnrin náà padà dé. Pákó pẹlẹbẹ kan ló gbé lọ́wọ́, ó ti kó amọ̀ tútù lé e lórí láti ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú òfì.

"Jókòó."

"Nínú amọ̀? Baba Ìbídùn, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"O ní kí n bi ìdí. Mo ti dé. Mo fẹ́ bi í."

Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró, ó pa Ọnàdìran náà, ó pa Ìbídùn tó ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwẹ̀ró ká ìró rẹ̀, ó jókòó sínú amọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó na ọwọ́ sí òwú, ó wo ibi tí ìgúnpá rẹ̀ dé. Ó ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo orúnkún. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Ṣé ibí ni?"

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ibí?"

"Ẹ tún sọ̀ ọ́ díẹ̀."

Nígbà tí ọwọ́ náà dé òkè ìbàdí, Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀, ó dijú. Ọnàdìran fi ẹfun sàmì sí ògiri ní ọ̀gangan ibẹ̀, kò sì tètè mú ọwọ́ kúrò.

Àgékù igi náà ló gbẹ́. Ó rẹlẹ̀, ó jìn níbi tí amọ̀ ti jìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ga ju ibi tí ẹfun dé lọ, ó sì tẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí Àwẹ̀ró jókòó sí i, kó dìde, kó tún jókòó. Á sì ha ibi tó bá ń sọ pé ó ń gún òun. Kò ṣe ọnà kankan sí i lára, àfi àdàbà kan ṣoṣo tó gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Aṣọ parí kí ọmọ tó dé, ó ku díẹ̀ báyìí. Obìnrin ni ọmọ náà. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn kò sì dùn ún. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo àlejò ló ń sáré lọ sórí àga gíga. Wọn kì í pẹ́ dìde, wọn á máa ra èjìká. Nígbẹ̀yìn, adìyẹ ló gbà á, ó ń yé sí i.

Kò pẹ́ sí i ni ìránṣẹ́ olóyè tuntun kan dé. Ó ní ọ̀gá òun yóò kọjá níwájú ilé lọ́la, kí Ọnàdìran wò ó, kó gbẹ́ àga. Ọnàdìran ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n má kọjá. Kí wọ́n yà wá jókòó. Ojú kì í bá ìdí yan àga." Olóyè náà bínú, ó ní èèwọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó rántí àga oyè baba rẹ̀, tí baba náà kì í lè pẹ́ lórí rẹ̀, ó wá. Ó jókòó, oyè kò fò ó.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ bá ẹlòmíràn yan ohun tí ẹni náà yóò máa lò: iṣẹ́, ilé, ọkọ tàbí aya, tí kò bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, bó ti wù kí ìfẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Wọ́n sì ń pa á fún ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ẹ lọ ra àga nítorí pé ó ń dán. Ẹ jókòó sí i ná. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ yín. Kí ẹ sì bi ìdí.