Àwẹ̀ró Fọ Adágún Bí Ẹni Fọ Àmù

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi ré igbó kọjá, ó ré ọ̀dàn kọjá, ó lọ tẹ yanrìn aṣálẹ̀. Ní ìgbà kan rí, omi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, adágún tí kò ju àgbàlá wa yìí lọ. Koríko gíga yí i ká, ewé tútù bo ojú rẹ̀. Ogójì ẹja ló ń gbé inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ. Kò sí irú wọn níbòmíràn láyé.

Àwẹ̀ró, ọmọ ìlú inú igbó, fẹ́ Ràkúnmí, ó sì bá a lọ síbẹ̀.

"Ìyá Àgbà, báwo ni èèyàn ṣe ń fẹ́ ràkúnmí?" Jọláadé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, ló bèèrè.

"Ó ru ọgọ́ta iṣu ìdána wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sinmi lọ́nà. Jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kan, Ràkúnmí ní, "Ìyá mi ń bọ̀ wá kí wa ní ọjọ́ mẹ́jọ òní."

Àwẹ̀ró dìde lẹ́sẹ̀ kan náà. Nílé tiwọn, bí ìyá ọkọ bá ń bọ̀, wọn á da omi àmù nù, wọn á fi kànrìnkànrìn fọ inú rẹ̀ títí yóò fi máa dún. Ó wá àmù títí, kò rí. Ó wo adágún.

"Àmù wọn rèé. Ẹ wo èérí."

Ó ká ìró sókè. Ó fa gbogbo koríko tu, ó kó gbogbo ewé dànù. Ó gbọ́n àwọn ẹja sínú igbá. Ni wọ́n bá forin sẹ́nu:

"Àwẹ̀ró, dá wa padà o,
Jàlùmì.
Ilé wa lo pè ní èérí,
Jàlùmì."

Ẹ gbè é dáadáa. Ohùn yín ti ń sùn.

"Jàlùmì!"

Àwẹ̀ró ní, "Èérí tó ń kọrin. Ìyá ọkọ mi kò gbọdọ̀ rí yín." Àmọ́ kò lọ́kàn láti da ohun tó ń kọrin nù. Ó gbé igbá sábẹ́ ibùsùn.

Adágún mọ́ lóòótọ́. Oòrùn ríbi wọlé, omi ń fà lójoojúmọ́. Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tí àwọn ẹja máa ń jẹ, dàgbà, wọ́n hu ìyẹ́. Lábẹ́ ibùsùn, orin ń rẹlẹ̀.

Ọjọ́ pé, Ìyá Ràkúnmí dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mu omi, ẹ̀fọn wọ̀ ọ́ nímú. Ó gbọn orí, wọ́n bọ́ sétí. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá èyí tó bà lé iké rẹ̀, ló bá jókòó sínú ẹrẹ̀, pọ̀tọ̀.

"Ta ló bọ́ omi wa síhòòhò? Ẹja wa dà?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé èérí ni."

"Ṣé wọ́n ṣì ń mí?"

Àwẹ̀ró sáré gbé igbá wá. Omi inú rẹ̀ kò ju ìkáwọ́ kan lọ. Ogójì ẹja ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí i.

Wọ́n dá wọn padà, Àwẹ̀ró sì tún koríko gbìn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣíji bo omi títí yóò fi hù? Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Ràkúnmí dúró sórí adágún fún oṣù mẹ́ta. Ìyá ọkọ tó fẹ́ sun oorun méjì náà dúró fún oṣù mẹ́ta, ó ń ṣọ́ wọn, ó ń bèèrè ọbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ kò bá tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má tíì pè é ní ìdọ̀tí.

Ibí ni mo ti dá àlọ́ mi dúró. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀fọn jẹ mí létí.

Pàá. Ìyá Àgbà gbá etí ara rẹ̀.

"Kí lẹ ń wò?" ló wí. "Ó kàn ń yún mi ni."