Ràkúnmí Ìyá Bọ́ládalẹ̀

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹ bá ń jiyàn, ẹ bi Wòlíì Ajíbóyè léèrè ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí ní aginjù Sínáì, níbi tí òun àti ìjọ rẹ̀ ti lọ gbàdúrà.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n bọ́ bàtà sínú bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Bọ́ládalẹ̀, ọ̀kan nínú ìjọ náà, rí ràkúnmí arúgbó kan lẹ́sẹ̀ òkè, ó sì bu omi fún un.

Wòlíì ní, "Ìyá, ẹ ń fi omi ṣòfò."

"Ẹlẹ́mìí ló ń mu ún, Wòlíì."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, iyanrìn ti gbóná bí epo àkàrà. Gbogbo ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Lárúbáwá tó ń mú wọn kiri rò pé ijó ìyìn ni, ló bá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Àfi bí ràkúnmí ṣe yà kúrò lẹ́yìn olówó rẹ̀, tó wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Bọ́ládalẹ̀. Ìyá gùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí àánú Wòlíì ṣe Ìyá, ó da díẹ̀ nínú omi tó kù sí iwájú ẹsẹ̀ Wòlíì. Wòlíì bẹ́ sórí ibi tó tutù náà, ó mí kanlẹ̀.

"Wòlíì, ṣé omi ṣòfò?"

"Kò ṣòfò, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún da díẹ̀ síwájú."