Ẹgbẹ́ Mẹ́fà Tí Ìjàpá Dá Sílẹ̀

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀, bó tilẹ̀ ti rẹ̀ wá.

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Tí mo bá lọ sípàdé ìlú, oorun ni mo máa ń sùn níbẹ̀. Ohun tí mo ṣáà gbọ́ ni pé àlọ́ yìí já lu Ìjàpá, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ìlú àwọn ẹranko ní odò kan tí kò ní afárá. Lójò tó kọjá, omi gbé ọmọ Òkété kan lọ. Ni Òkété bá kó ìyá mẹ́jọ mọ́ra, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìpàdé ló ń dìde. "Afárá." Wọn á ní kó jókòó. Á jókòó.

Ẹfọ̀n ni baálẹ̀. Àtíbàbà lòun ń fẹ́ ní tirẹ̀, kí oòrùn má pa òun. Òfin ìlú sì ni pé ẹgbẹ́ kan, ohùn kan. Ó ṣẹ́jú sí Ìjàpá, ó ní iṣu ń bẹ nílé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ìjàpá dìde. "Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ fara mọ́ àtíbàbà." Ó pààrọ̀ fìlà. "Ẹgbẹ́ Ọdẹ náà fara mọ́ ọn." Nígbà tó máa fi we gèlè, ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹfà.

"Ẹgbẹ́ Ìyá Ọlọ́mọ fara mọ́ ọn."

Òkété wò ó. "Ìyá ọlọ́mọ wo, ọkọ Yánníbo?"

"Ó rẹ̀ wọ́n, Ìyá. Èmi ni wọ́n rán."

"Ó rẹ èmi náà. Mo ṣì wá."

Mẹ́fà sí ọ̀kan. Àtíbàbà wọlé. Òkété ò janpata. Agbára ìyẹn ò sí mọ́. Ó kàn ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí iṣẹ́ wáyé, ṣebí òun náà ló ń ru òpó rẹ̀? Òpó kan, ẹgbẹ́ kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀la ni mo sì fẹ́ ẹ."

Ìjàpá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ti rìnrìn àjò."

"Gbogbo wọn?" ni Òkété bi í. "Títí kan àwọn ìyá ọlọ́mọ?"

"Wọ́n gbé ọmọ wọn dání."

"Alága wọn ò kúkú lọ," ni Òkété wí.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹfọ̀n gbé àpótí, ó jókòó ti Ìjàpá, ó ń sọ pé kó yára. Òpó kìíní tẹ̀ ẹ́. Ìkejì tẹ̀ ẹ́ sí i. Nídìí ìkarùn-ún, àyà rẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹgbẹ́ kankan. Èmi nìkan ni gbogbo wa."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ohùn mẹ́fà parẹ́, ó ku ọ̀kan. Òpó márùn-ún sì ti wà nílẹ̀, ni wọ́n bá kó wọn lọ sétí odò fún afárá.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù títí dòní. Ibẹ̀ ni ẹnu mi mọ. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí wọ́n gbé òpó kẹfà rù mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ìyá mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ Òkété. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń so afárá, mẹ́ta ló wá. Àwọn mẹ́fà yòókù dà?