Eérú Abẹ́ Ìbọn

Ọkùnrin ọdẹ kan wà ní abà, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Àwẹ̀ró, ni ó kù nínú ilé. Ìbọn rẹ̀ wà lórí ìṣó méjì tí ó kàn mọ́ ògiri, lókè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ó gbà pé ohun tí ó bá ti ga kò lè pa ọmọdé lára.

Ní ọjọ́ kan ó ti oko dé, ó rí i pé ẹnu ìbọn tí ó kọjú sí fèrèsé ti kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó dá a padà sí bí ó ti wà. Nígbà tí ó tún ti oko dé, ẹnu ìbọn tún ti yí padà. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú.

Ta ni? Adẹ́mu kan ni aládùúgbò rẹ̀, ó mọ ìgbà tí ọdẹ ń lọ sóko. Ìyàwó adẹ́mu ni ó sì ń wọlé wá bọ́ Àwẹ̀ró, tí ó ń wẹ̀ fún un, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọdẹ rò ó títí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó sọ fún obìnrin náà pé kò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́.

Adẹ́mu pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Bàbá Àwẹ̀ró, gbogbo ibi tí mo bá yà sí lẹ ń fojú tọ̀ mí. Ṣé ìgalà ni mo dà ni?”

“Ẹni tí kò jalè kì í sá fún ojú.”

“Ó dáa. Bí ẹ bá yìnbọn lù mí lórí ọ̀pẹ, ẹ̀yin lẹ máa ru ẹmu mi relé o.”

Ọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó délé, ó ṣe ohun tí kò ṣe nínú ilé rí: ó ki ẹtù àti ọta sínú ìbọn, ó fi de olè. Lówùúrọ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí ìṣó bẹ́ẹ̀, ó sẹ́ eérú sí abẹ́ ìbọn bí ó ti máa ń ṣe lójú ọ̀nà ẹran láti mọ ohun tó kọjá. Ó kọrí sóko.

Ọ̀sán ni ó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo eérú. Àpá ìdí odó ni ó kọ́kọ́ rí, róbótó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ipasẹ̀ wà, kékeré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó mọ ẹsẹ̀ náà. Òun ni ó yọ ẹ̀gún lábẹ́ rẹ̀ láìpẹ́.

“Àwẹ̀ró!”

Ọmọ náà ti ẹ̀yìnkùlé jáde, àkísà ní ọwọ́ kan, epo dé ìgbọ̀nwọ́.

“Kí lo ń fi ìbọn ṣe?”

“Mò ń fi epo nù ún ni. Màámi ni wọ́n máa ń nù ún, ẹ̀yin ò sì nù ún mọ́. Ó ti ń dípẹtà.”

“O ti nù ún tán?”

“Ó ku irin kékeré abẹ́ rẹ̀. Ó le, kò jẹ́ kí àkísà wọlé. Lọ́la ni mo fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì fà á.”

Ọdẹ jókòó sínú eérú.

Ó dìde. Ó gbé ìbọn lọ sẹ́yìn ilé, ó tú gbogbo ohun tí ó kì sí i. Ó tì í mọ́ inú àpótí, ó fi àgádágodo há a, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó ti ẹtù àti ọta mọ́ ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyàwó adẹ́mu, pẹ̀lú eérú lára.

“Ẹ ti mú olè yín?” ni adẹ́mu bi í.

“Mo ti mú un,” ni ọdẹ wí. “Bàbá Àwẹ̀ró ni.”

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, o ní ìbọn nílé, o sì ní ọmọ. Aládùúgbò ni ò ń fura sí. Fi í sílẹ̀ ná, gbójú sókè wo ògiri rẹ. Ibi tí o rò pé ọwọ́ ọmọ rẹ kò tó, ṣé kò sí odó nílé rẹ ni? Ọmọ kò ní láti ya ìpáǹle kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn. Ìfẹ́ lè gbé e débẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ dà? Bí o bá ní láti ronú kí o tó dá mi lóhùn, dìde, máa lọ sílé.