Epo Pupa fún Ańjọlá

Ìbídùn jẹ́ ìyàwó ilé ní agbo ilé Àgbọ́ndè. Ó ti bímọ mẹ́ta kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ó sì tẹra mọ́ ọn títí ó fi di òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Ohun tí ó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú. Ìka rẹ̀ nìkan ni kò yá lórí fóònù.

Gbogbo ará ilé náà, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi, ló ń pàdé lórí Wọ́sáàpù. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, Bàbá Oyèkànmí, olórí ẹbí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí olúkúlùkù fi aṣọ bo dígí, nítorí dígí ló ń pe àrá wọlé.

Ìbídùn fèsì pé, "Dígí kì í pe àrá, Bàbá."

"Ìyàwó," ni Bàbá wí, "ṣé ìwé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ló ní kí o máa já mi nírọ́? 'Ẹ kú ọ̀sán' lásán, o ò lè kọ ọ́!"

Àwọn ọmọ ilé fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Ọ̀kan tilẹ̀ ní, "Ẹ rọra o, Dókítà Dígí!" Ojú ti Ìbídùn. Ó pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ kí gbogbo àgbà tán.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Morẹ́nikẹ́, ìyàwó tó kéré jù nínú ilé, tó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní ìlú mìíràn, kọ̀wé pé: "Ẹ gbà mí o! Ańjọlá mu kẹrosíìnì tó wà nínú ike omi. Kí ni kí n ṣe?" Ańjọlá ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

"Fún un ní epo pupa kíákíá, kó lè bì í," ni Bàbá dáhùn. "Epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé."

Àwọn mẹ́fà tẹ̀ lé e: "Epo ni o! Epo!"

Ìbídùn mọ̀ pé kẹrosíìnì tí ọmọ bá bì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Kò tilẹ̀ rántí pé fóònù kan náà ṣe é fi pe ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì: "Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá wa. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọkọ mi, ẹ kú ìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi..."

Kò tíì dé ibi òtítọ́ tí Morẹ́nikẹ́ fi kọ ọ́ pé: "Mo ti fún un. Ó ti bì. Ó ń wúkọ́, kò lè mí dáadáa mọ́!"

Ìbídùn pa gbogbo ìkíni rẹ́. "Gbé e lọ sí ọsibítù! Má fún un ní nǹkan kan mọ́!"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ańjọlá fi mí pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú ní ọsibítù. Ó yè. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún Bàbá ohun tí epo náà fà, Bàbá pe Ìbídùn.

"Ìyàwó, ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé epo yẹn lè pa á?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí lo wá ń ṣe nígbà náà?"

"Mo ń kí yín lọ́wọ́ ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù, láìkí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pa lówe ní agbo ilé Àgbọ́ndè títí di òní pé: Ẹni tó rí iná lórí òrùlé kì í kúnlẹ̀ kí baálé kó tó kígbe.