Ẹni Tó Ń Bu Búrẹ́dì

Aago méje òwúrọ̀ ni. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti dá, oòrùn sì ń yọ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ tútù. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe lébìrà. Ní ọjọ́ náà, ó lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ da kọ́ńkéré ilé ńlá kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀. Wọ́n ti ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ kó jáde nínú yàrá tí wọ́n ń gbé, oyún ìyàwó rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ó wá gbọ́ pé ẹni tó ni ilé ńlá yìí ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé, tí yóò sì máa gbé inú yàrá ẹ̀yìn, àti pé onílé náà ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó sọ fún Àjàgbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pé, "Kí n ṣáà ti fojú kan bàbá yẹn, ọ̀rọ̀ mi bùṣe."

Wọ́n tò láti ibi tí wọ́n ti ń po kọ́ńkéré títí dé òkè ilé. Wọ́n ń gbé páànù tí wọ́n bu kọ́ńkéré sí láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń kọrin. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ ṣòkòtò gbígbó ló ń gbé páànù lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Kò wo ojú bàbá náà dáadáa. Ẹnu géètì ló ń wò, bóyá ọkọ̀ ńlá kan á yọ.

"Ṣé ìyàwó tuntun lò ń retí ni?" Àjàgbé bi í. "Ọrùn rẹ á yẹ̀ o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà ńlá kan kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì, wọ́n sì jókòó yí i ká. Ọkùnrin yìí ń kọjá lọ sẹ́nu géètì.

"O bá wa níre o!" ni wọ́n ké sí i.

"Á gba ibi ire," ló fi dáhùn, bí ọmọlúwàbí ti í ṣe bí kò bá fẹ́ jẹun.

Ó dúró pẹ́ nínú oòrùn. Ó gbọ́ tí ayọ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tún pè é.

"Á gba ibi ire," ló wí. "Onílé ni mò ń dúró dè."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ há Àjàgbé lọ́fun. "Onílé wo? Ta lo rò pé ó ń bu búrẹ́dì fún wa? Bí a ṣe jókòó ló sọ fún wa pé ilé òun ni!"

Bàbá náà nawọ́ búrẹ́dì sí i. "Èmi ni, ọmọ mi. Àti àárọ̀ ni mo ti ń gbé páànù lé ọ lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní."

"Dìde. Yàrá ẹ̀yìn ni, àbí? Àjàgbé ti bá ọ sọ ọ́. Lọ mú ìyàwó rẹ wá bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n wá jẹun ná, ẹ̀wà ń tutù."

Ìwọ arákùnrin mi, o ní o kò mọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run wà láàárín ìjọ. Níbo lo dúró sí nígbà tí wọ́n ń bu àkàrà ní tábìlì Olúwa? Ojú ọ̀run lò ń wò, bóyá iná á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ò ń wá ti jókòó láàárín wọn, ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló sì fi ń nawọ́ sí ọ. Ìdàpọ̀ là ń pe oúnjẹ yìí. A kì í dúró lẹ́nu géètì jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá tún pè ọ́ sí tábìlì Olúwa, má sọ pé á gba ibi ire. Ìwọ gan-an ni ibi ire tó yẹ kó gbà.

Ní ti ọkùnrin náà, ó bomi ṣan ọwọ́, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì gba búrẹ́dì.