Ìbọn Ẹnu ní Ìsìnkú Bàbá Adájọ́

Adájọ́ Ọdẹ́gbèmí jókòó ní kóòtù, ó gbẹ́sẹ̀ lé ìbọn gbogbo ọdẹ Ìgbó-Ẹlẹ́rìn. Láròóyè, olórí ọdẹ, bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ìbọn padà, torí ajínigbé ń da oko rú. Adájọ́ ní ẹnu tó wọn, kí wọ́n máa fi pariwo lé ajínigbé. Kò pẹ́, bàbá adájọ́, ọdẹ àgbà, kú, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí àwọn ọdẹ wá yìnbọn ẹ̀yẹ. Láròóyè kó wọn dé, wọ́n na igi sókè lójú gbogbo àlejò, wọ́n ń fi ẹnu ké "gbàù, gbàù." Adájọ́ ní, "Ẹ ń fi bàbá mi ṣẹ̀sín?" Láròóyè dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Olúwa mi, ẹ̀yin lẹ ní ẹnu tó wa." Kí wọ́n tó bo sàréè, adájọ́ ti dá ìbọn wọn padà. Alààyè sunkún títí, kóòtù kọ etí dídi. Àfi ìgbà tí òkú bàbá adájọ́ gba ẹjọ́ àwọn ọdẹ rò.